Àlùfáà Tí Ó Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ẹṣin: Ìtàn Ìgbésí Ayé Stephen Hales

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Òkè Ọya kò lè ṣe kí ó má mọ ẹṣin. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá, nígbà tí àwọn ìjòyè bá gun ẹṣin lọ kí ọba wọn, eruku a máa sọ lálá, kàkàkí a máa dún, ọ̀ṣọ́ ara ẹṣin a sì máa dán nínú oòrùn. Ní ọdún kan, ohun tí mo rí lẹ́yìn ìwọ́de náà ni ó wọ̀ mí lọ́kàn ju ìwọ́de náà fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n ti bọ́ gàárì kúrò lẹ́yìn ẹṣin kan lábẹ́ igi dọ̀gọ̀yárò. Òógùn ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó funfun bí iyọ̀. Ẹṣin náà dorí kodò. Wọ́n gbé omi síwájú rẹ̀, kò mu. Bàbá àgbàlagbà kan tí ń tọ́jú rẹ̀ fi ìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awọ náà kò tètè padà sí àyè rẹ̀. Bàbá náà mi orí, ó sì sọ fún mi pé omi ti dín púpọ̀ nínú ẹṣin náà. Mo bi í pé omi tí ó dín náà yóò tó ìwọ̀n wo. Ó bojú wò mí, ó ní èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ni ó yẹ kí n sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún òun.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òtítọ́ ni. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún púpọ̀, mo ti kọ́ wọn bí a ti ń wọn oko àti bí a ti ń wọn omi inú àgbá, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń wọn omi tí ó wà nínú ohun ẹlẹ́mìí. Ẹran kì í ṣe ìkòkò tí a lè da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ kí a kà á, kí a sì tún rọ ọ́ padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn kiri nínú ìwé, orúkọ ọkùnrin kan ni mo ń bá pàdé lemọ́lemọ́. Stephen Hales ni orúkọ náà, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti kú láti èyí tí ó lé ní 260 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n, ohun tí ó dára nínú rẹ̀ àti ohun tí ó burú.

A bí Stephen Hales ní ọjọ́ 17 oṣù September ọdún 1677, ní abúlé Bekesbourne ní ilẹ̀ Kent. Ìdílé ọlọ́lá ni ó ti wá. Ní ọdún 1696 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cambridge, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ń pè ní Corpus Christi lónìí, ní 1703 ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń gbé inú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ọdún tí ó dé Cambridge gan-an ni Isaac Newton kúrò níbẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Newton kò bá a lọ. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ohunkóhun tí a bá fẹ́ mọ̀ dájú nípa ayé tí Ọlọ́run dá, kí a kà á, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì gbé e lé orí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ àlùfáà ni Hales wá kọ́, ṣùgbọ́n òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Stukeley, ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, a máa rìn nínú pápá láti kó ewé àti òdòdó jọ, wọn a sì máa la òkú ẹran láti wo bí inú rẹ̀ ti rí.

Ní ọdún 1709 wọ́n fi Hales ṣe àlùfáà ìjọ Teddington, abúlé kékeré kan létí odò Thames, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ó sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé, fún ọdún 51. Ó gbéyàwó ní ọdún 1720, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ikú fi mú ìyàwó náà lọ. Wọn kò bí ọmọ, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ọkùnrin tí mo ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò ní ilé iṣẹ́ ìwádìí kankan tí ìjọba kọ́ fún un. Ó ń wàásù, ó ń sin òkú, ó ń ṣe ìgbéyàwó fún àwọn ará abúlé, nígbà tí ó bá sì parí èyí ni ó ń mú páìpù, ìkòkò àti òṣùwọ̀n rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí n sọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1628 ni William Harvey ti fihàn pé ẹ̀jẹ̀ a máa yí po nínú ara, pé ọkàn ni ó ń tì í jáde, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń padà sọ́dọ̀ ọkàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè pé báwo ni agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ ti tó, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìdáhùn tí yóò gbà. Ẹnì kan a sọ pé ó pọ̀, ẹlòmíràn a sọ pé ó kéré. Hales kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ara ajá ni ó ti kọ́kọ́ wò ó, nígbà tí ó tó nǹkan bí ọdún 6 lẹ́yìn èyí, ó yí sí ẹṣin.

Àwọn ẹṣin tí ó lò jẹ́ èyí tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n fẹ́ pa. Abo ẹṣin kan ni ó kọ́kọ́ mú, tí ó tó ọmọ ọdún 14, tí egbò sì wà ní èjìká rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láàyè. Hales la iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó wà ní itan òsì rẹ̀, ó ti páìpù idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan náà, ó sì fi páìpù gíláàsì kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9 lé e lórí, ó gbé e dúró ṣánṣán. Nígbà tí ó tú ohun tí ó fi di iṣan náà, ẹ̀jẹ̀ ta sókè nínú gíláàsì títí ó fi dé nǹkan bí ìdajì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọkàn ti ń lù. Ó gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 3 sí òkè ibi tí ọkàn wà, èyí tí ó ju mítà 2 ààbọ̀ lọ, ó sì dúró níbẹ̀, ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ wá sílẹ̀ ní íǹṣì 2 tàbí 3 tàbí 4 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọkàn bá lù. Láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé, ìgbà náà ni a kọ́kọ́ fi ojú rí agbára ọkàn ohun ẹlẹ́mìí, tí a sì fi òṣùwọ̀n sọ iye rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì fi ìgbànú rọ́bà wé yín ní apá láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru, ọ̀dọ̀ abo ẹṣin yìí ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Hales kò dúró níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí omi ara bá ń dín. Ó yọ gíláàsì náà kúrò, ó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn sínú ohun ìwọ̀n, ó tún fi gíláàsì sí i, ó wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ gòkè dé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe léraléra. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dín ni gíga rẹ̀ nínú gíláàsì ń dín, àyàfi nígbà tí ẹran náà bá mí kanlẹ̀ tàbí tí ó bá jà, nígbà náà ni yóò tún gòkè díẹ̀. Ó ka ìlù ọkàn pẹ̀lú: ó mọ̀ pé ọkàn ẹṣin tí ara bá rọ̀ a máa lù ní ìgbà 36 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ti abo ẹṣin tí ó wà nínú ìrora yìí jẹ́ 55, nígbà mìíràn 60 tàbí 65. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lọ ni ọkàn ń sáré sí i, bí ẹni tí ń fi ìkánjú wá ohun tí ó sọnù. Níkẹyìn ẹṣin náà kú. Lẹ́yìn ikú ẹran, Hales a máa da ìda yíyọ́ sínú yàrá ọkàn rẹ̀ kí ó lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn lè gbà ní ìlù kan. Bí a bá mọ iye tí ń jáde ní ìlù kan, tí a sì mọ iye ìlù tí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan, ìṣirò ọmọ kíláàsì kẹrin ni ìyókù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò lè ka ibi yìí láìdá ìwé náà dé. Kò sí oògùn tí a fi ń kun ẹran ní oorun ní ayé ìgbà náà. Ọdún 1846 ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di mímọ̀ káàkiri. Hales pàápàá jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé iṣẹ́ lílà ẹran sú òun, pé èyí ni ó mú kí òun fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Akéwì olókìkí nì, Alexander Pope, tí ó ń gbé ní Twickenham tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Teddington, fẹ́ràn Hales gidigidi, ó sì kà á sí ènìyàn rere. Síbẹ̀ ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ohun tí òun kò lè fara mọ́ nínú ìwà àlùfáà náà ni ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe àwa ará òde òní nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ó ti da àwọn aládùúgbò rẹ̀ láàmú.

Nígbà tí ó fi ẹran sílẹ̀, ó yí sí ewéko, ibẹ̀ ni ó sì ti fi ọ̀nà tí ó dára jù lọ hàn wá láti wọn omi ohun ẹlẹ́mìí láìpa á. Ní oṣù July ọdún 1724 ó mú òdòdó sunflower kan tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ààbọ̀, tí ó hù nínú ìkòkò. Ó fi pẹlẹbẹ òjé bo ẹnu ìkòkò náà pinpin kí omi má baà gba ibẹ̀ lọ, ó fi ihò kékeré kan sílẹ̀ fún bíbu omi sí i, ó sì ń gbé e lé òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 15. Omi tí ó bá bu sí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n tí ó bá dín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rí i pé láàárín wákàtí 12 ojúmọmọ, ewéko náà a máa làágùn omi tí ó wọn pọ́n-ùn 1 àti áúnsì 4, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ó fi í wé òógùn ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí dókítà James Keill ti wọ̀n ọ́n lára ara rẹ̀, ó sì ṣírò pé bí a bá mú ewéko náà àti ènìyàn ní ìwọ̀n kan náà, ewéko náà ń làágùn ní ìlọ́po 17 ju ènìyàn lọ.

Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó. Ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde, àti ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn: gbogbo ọgbọ́n náà kò ju èyí lọ. Ó rí bí ìwé ìṣírò owó oníṣòwò tí ó ń kọ owó tí ó wọlé sí apá kan, tí ó sì ń kọ èyí tí ó jáde sí apá kejì. Ìwé tí ó kọ nípa ewéko jáde ní 1727, èyí tí ó kọ nípa ẹ̀jẹ̀ sì jáde ní 1733. Ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù ti gbà á wọ àárín wọn láti ọdún 1718, ní 1739 wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wura Copley, fún iṣẹ́ tí ó ṣe lórí òkúta tí ń dì sínú àpò ìtọ̀ ènìyàn.

Ọkùnrin yìí kò lè rí omi kí ó má wọ̀n ọ́n. Ní 1734 ó kọ ìwé kékeré kan láti kìlọ̀ fún àwọn tí ń mu ọtí líle, nítorí ọtí jíìnì ń ba ilé àwọn tálákà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ní 1739 ó kọ ìwé nípa bí àwọn atukọ̀ ṣe lè sè omi òkun kí oru rẹ̀ di omi tí ó ṣeé mu, àti bí omi inú àgbá kò ṣe ní bàjẹ́ lórí òkun. Ní 1754, nígbà tí ó bá àwọn ará Teddington fa omi mímọ́ wọ abúlé wọn, kò kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ó dákẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé omi náà ń kún ohun ìwọ̀n onídajì gálọ́ọ̀nù láàárín ìgbà tí okùn tí a so òjé mọ́ bá mì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sì kọ gígùn okùn náà sí i, kí ẹni tí yóò wá lẹ́yìn òun lè wọ̀n ọ́n wò bóyá omi náà ti dín. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ìṣe rẹ̀. Ẹni tí ó ń wọ̀n nítorí àwọn tí a kò tíì bí, olùkọ́ tòótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn yìí ti kan àwa ará ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò dùn láti sọ. Láti ọdún 1741 ni Hales ti ń ṣe ẹ̀rọ kan tí ó dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ńlá, tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ burúkú jáde kúrò níbi tí ènìyàn pọ̀ sí, kí afẹ́fẹ́ rere lè wọlé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí sí ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ ogun. Wọ́n gbé e sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1749, wọ́n sì ròyìn pé ẹlẹ́wọ̀n tí ó kú níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin kò ju 4 lọ, níbi tí ó ti jẹ́ pé 50 sí 100 a máa kú ní ọdún kan. Ní 1752 wọ́n gbé e sí Newgate pẹ̀lú. Wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ ẹrú. Ní nǹkan bí ọdún 1755, Hales kọ ìròyìn sínú ìwé ẹgbẹ́ Royal Society nípa bí ẹ̀rọ náà ti ń dá ẹ̀mí sí nínú àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrú àti àwọn ọkọ̀ mìíràn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tí ń kọ̀wé sí i ni Henry Ellis. Ní oṣù January ọdún 1751, Ellis kọ lẹ́tà sí i láti Cape Monte, ní etíkun tí ó jẹ́ ti Làìbéríà lónìí, láti inú ọkọ̀ ẹrú kan. Hales ti bá a ṣe garawa kan tí ó ní ìdérí, tí a lè sọ sí ìsàlẹ̀ òkun láti bu omi ibẹ̀ wá sókè kí a sì mọ bí ó ti tutù tó. Ellis sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ bàtà 5,346, ó sì rí i pé omi ìsàlẹ̀ òkun tutù lábẹ́ oòrùn gbígbóná wa. Ìwádìí ńlá ni. Wọ́n ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn ẹ̀kọ́ nípa òkun. Ó tún sọ nínú lẹ́tà náà pé àwọn fi omi tútù náà wẹ̀, àwọn sì fi mú kí wáìnì àwọn tutù. Nígbà tí mo ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo ronú nípa ìdí tí ọkọ̀ náà fi wá sí etíkun wa, àti irú àwọn ènìyàn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń làágùn nínú òkùnkùn, tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń bu omi mímu fún wọn.

N kò sọ pé Hales jẹ́ ìkà. Ó wà lára àwọn tí ọba fi ṣe alábòójútó ilẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ní 1732, àwọn alábòójútó náà sì ṣe òfin ní 1735 pé kí a má kó ẹrú wọ ibẹ̀, kí a má sì ta ọtí rum níbẹ̀. Nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà ni a fagi lé òfin ẹrú náà. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó fẹ́ dá sí, ó sì dá a sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ kò tú ẹnì kan sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbà là, ọjà ni ó gbé e dé láàyè, kí oníṣòwò lè jèrè. Òṣùwọ̀n a máa sọ iye ohun tí ó wà. Kì í sọ ohun tí ó tọ́. Ọkàn ẹni tí ó di òṣùwọ̀n mú ni ó gbọ́dọ̀ sọ èyí, bí ó bá sì dákẹ́, òṣùwọ̀n yóò ṣiṣẹ́ fún olè gẹ́gẹ́ bí yóò ti ṣiṣẹ́ fún olóòótọ́.

Hales darúgbó nínú ọlá. Ní 1753 ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Paris gbà á mọ́ra. Augusta, ìyá ẹni tí ó di Ọba George Kẹta, fi í ṣe àlùfáà ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi abúlé rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní Teddington ní ọjọ́ 4 oṣù January ọdún 1761, ní ẹni ọdún 83, wọ́n sì sin ín sí abẹ́ ilé ìṣọ́ ilé ìjọsìn rẹ̀. Augusta ṣe òkúta ìrántí fún un ní Westminster Abbey, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ náà.

Ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ kò bá a kú. Lónìí a lè wọn gbogbo omi inú ẹṣin láìpa á. Irú omi kan wà tí à ń pè ní omi wúwo. Ó dà bí omi lásán ní gbogbo ọ̀nà, àfi pé ó wúwo jù ú lọ díẹ̀, a sì lè dá a mọ̀. Ní 1934 George de Hevesy àti ẹnìkejì rẹ̀ fi í wọn omi inú ara ènìyàn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń lò fún ẹṣin. A ó fún ẹṣin ní ìwọ̀n díẹ̀ tí a mọ̀, a ó dúró fún wákàtí mélòó kan kí ó lè pò mọ́ gbogbo omi ara rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti wo bí omi wúwo náà ti di fífọ́n ká tó. Ẹ fi wé aláró tí ó da ife aró kan sínú odù tí kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó: bí omi odù náà bá ṣe funfun sí ni yóò fi mọ̀ bí omi inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ọ̀nà yìí fihàn pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ẹṣin ni omi. Ẹṣin tí ó bá wọn 300 kílò, nǹkan bí lítà 200 omi ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe garawa onílítà 20 mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ tí Hales ń wọ̀n kò ju nǹkan bí lítà 24 lọ nínú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò ní omi wúwo, òṣùwọ̀n lásán tó. Lítà omi kan wọn kílò 1. Bí a bá wọn ẹṣin kí ó tó sáré, tí a sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn eré, ohun tí ó dín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi pátápátá. Nínú oòrùn gbígbóná, ẹṣin ńlá tí ń ṣiṣẹ́ gidi lè làágùn lítà 10 sí 15 ní wákàtí kan. Nígbà tí ohun tí ó sọnù bá tó nǹkan bí 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ ni awọ ọrùn tí a bá fà sókè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí ó tó padà.

Nítorí náà mo ní ìdáhùn fún bàbá olùtọ́jú ẹṣin. Mo padà tọ̀ ọ́ lọ, mo kí i, mo sì sọ fún un pé bí ẹṣin náà bá wọn 300 kílò, omi tí ó sọnù lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò lè dín ní lítà 15, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún garawa kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó sì rán mi létí ohun tí òun ṣe lọ́jọ́ náà lẹ́yìn tí mo ti kúrò níbẹ̀: ó bu iyọ̀ díẹ̀, ó fi pa ẹṣin náà láhọ́n, ó mú un dúró sí ibòji, ó sì ń gbé omi fún un díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń mu. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìwé tí mo kà. Iyọ̀ púpọ̀ ni ó máa ń bá òógùn ẹṣin jáde, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dùn bí iyọ̀ sí i bí omi ti ń dín, òùngbẹ kì í sì í gbẹ ẹ́ bí ó ti yẹ. Bàbá náà kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, ó sì mọ ẹni tí ó ń ṣe é fún.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, bí ẹ bá ní ìkòkò kan, ewéko kan àti òṣùwọ̀n ọlọ́jà kan, ẹ lè ṣe ohun tí Hales ṣe ní 1724 níwájú àwọn ọmọ yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Nígbà tí wọ́n bá sì ti mọ̀ bí a ti ń wọ̀n dáadáa, ẹ sọ ìyókù ìtàn náà fún wọn, ti abo ẹṣin tí a so mọ́lẹ̀ àti ti ọkọ̀ tí ó dúró ní Cape Monte, kí wọ́n lè máa béèrè nígbà gbogbo pé ta ni à ń wọ̀n ọ́n fún.